Kòsọ́kọ́, Ọba Èkó: Ìgbésí Ayé Ẹni tó Fi Omi Ṣe Odi

Ìfáárà

Èkó jẹ́ ìlú tí omi yí ká. Òkun wà níwájú rẹ̀, ọ̀sà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Fún ìlú tó bá wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀, omi ni odi, omi náà sì ni ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí yóò bá ṣọ́ irú ìlú bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀ àti atukọ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí omi ti jìn àti ibi tí kò ti jìn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ rí i dájú pé kò sí ará ilé tí yóò ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá. Nínú àwọn ọba tó ti jẹ ní Èkó, ó ṣòro láti rí èyí tí ìgbésí ayé rẹ̀ fi òtítọ́ yìí hàn tó ti Kòsọ́kọ́, ẹni tó gorí oyè ní ọdún 1845, tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì sì lé kúrò ní ìlú ní oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 1851.

Orúkọ Kòsọ́kọ́ kì í ṣe àjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì tó tako ara wọn ni wọ́n sábà máa ń gbà sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn kan kà á sí olówò ẹrú paraku tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá lé kúrò nítorí ìwà rẹ̀. Àwọn mìíràn kà á sí akọni tó kọ̀ láti tẹrí ba fún òyìnbó. Olùkọ́ tó bá di ọ̀kan ṣoṣo mú nínú méjèèjì, ìdajì ìtàn ni yóò fi kọ́ ọmọ. Òtítọ́ wà nínú méjèèjì. Ohun tó sì wó odi omi Èkó, inú ilé ọba ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó pẹ́ kí ọkọ̀ òyìnbó tó yọ lókèèrè.

Ìdílé tí a Bí i Sí

Ọba Ológun Kútere ni bàbá tó bí bàbá Kòsọ́kọ́. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ Ológun Kútere ló jọba ní Èkó lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ni Adélé, Ọ̀ṣìnlókun àti Akíntóyè. Ọ̀ṣìnlókun ni ó bí Kòsọ́kọ́. Nípa báyìí, àbúrò bàbá ni Akíntóyè jẹ́ sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì ni yóò padà wá di ọ̀tá ara wọn.

Orúkọ àbíkú ni Kòsọ́kọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí ọkọ́ mọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ sin ọmọ náà bí ó bá tún lọ, nítorí náà kí ó dúró. Ọmọ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí dúró, ó sì dàgbà nínú ilé tí ìjà oyè kò ti fìgbà kan tán. Ní nǹkan bí ọdún 1821, bàbá rẹ̀ gba ìtẹ́ mọ́ Adélé lọ́wọ́, Adélé sì sá lọ sí Àgbádárìgì. Ọ̀ṣìnlókun wà lórí oyè títí di ọdún 1829. Ìdèwú Ojúlarí, ọmọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n Kòsọ́kọ́, ló tẹ̀lé e. Ìlú kò fẹ́ràn ìṣàkóso Ìdèwú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dójú ẹ̀, tí Ọba Ìbíní pàápàá fi hàn pé òun kò fẹ́ ẹ mọ́, Ìdèwú fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Kòsọ́kọ́ retí pé òun ni oyè kàn. Àwọn ìjòyè kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe Adélé padà láti Àgbádárìgì. Nígbà tí Adélé wàjà ní ọdún 1837, Olúwọlé ọmọ rẹ̀ ni wọ́n tún fi jẹ.

Kòsọ́kọ́ àti Ẹlẹ́tù Òdìbò

Ẹni tó dí Kòsọ́kọ́ lọ́nà jù lọ ni Ẹlẹ́tù Òdìbò, ìjòyè ńlá tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú yíyan ọba. Ọ̀rọ̀ obìnrin ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, nítorí pé Kòsọ́kọ́ gba obìnrin tó jẹ́ àfẹ́sọ́nà Ẹlẹ́tù. Ohun tí ì bá jẹ́ ẹjọ́ ilé lásán wá di ìkùnsínú tí kò tán. Lásìkò Olúwọlé, wọ́n fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan Òpó Olú, arábìnrin Kòsọ́kọ́, wọ́n sì lé e kúrò nílùú. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé ogun dìde. Ogun náà, tí wọ́n ń pè ní Ogun Ewé Kókò, kò yọrí sí rere fún un, ó sì sá lọ sí Ouidah ní etí òkun ilẹ̀ Dàhòmì. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Èkó sọ pé lẹ́yìn tí ó lọ tán, Ẹlẹ́tù Òdìbò hú òkú ìyá rẹ̀, ó sì jù ú sínú ọ̀sà. Ẹni tó bá mọ ohun tí òkú òbí jẹ́ lójú Yorùbá yóò mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí ọmọ lè gbàgbé.

Ní ọdún 1841, àrá sán sí ààfin, iná ràn mọ́ ẹ̀tù ìbọn tó wà níbẹ̀, Olúwọlé sì bá a lọ. Akíntóyè ni wọ́n fi jọba. Èrò Akíntóyè ni pé kí ìjà ilé parí. Ó ránṣẹ́ pe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà láti Ouidah, ó sì fi í jẹ oyè Ọlọ́jà Eréko. Ẹfúnróyè Tinúbú, oníṣòwò ńlá nì, kò fara mọ́ ìpinnu náà. Ẹlẹ́tù Òdìbò ní tirẹ̀ fi ìbínú kó lọ sí Àgbádárìgì. Inú rere Akíntóyè kò mú èso tí ó retí jáde. Àwọn tó fẹ́ràn bàbá Kòsọ́kọ́ tún kóra jọ yí ọmọ rẹ̀ ká, ọjọ́ dé ọjọ́ ni agbára rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i.

Nígbà tí Akíntóyè pe Ẹlẹ́tù Òdìbò padà wá sílé, ìkòkò bẹ́. Ní oṣù Agẹmọ, ọdún 1845, àwọn ènìyàn Kòsọ́kọ́ dó ti ààfin fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ogun Olómirò ni wọ́n pe ogun yìí, èyí tí ìtàn túmọ̀ sí ogun omi oníyọ̀. Akíntóyè bá ojú omi sá jáde lóru, ó sì dé Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá ti gbà á. Wọ́n sọ pé Òṣòdì Tápà, ọ̀gágun Kòsọ́kọ́, ló mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó kọjá. Ọwọ́ tẹ Ẹlẹ́tù Òdìbò ní tirẹ̀, Kòsọ́kọ́ sì fi ikú oró gbẹ̀san lára rẹ̀. Báyìí ni Kòsọ́kọ́ ṣe wọ Ìga Ìdúngànràn gẹ́gẹ́ bí ọba.

Òwò tó Sọ Èkó Di Ọlọ́rọ̀

A kò lè sọ ìtàn Kòsọ́kọ́ kí a fo òwò ẹrú. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Èkó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èbúté òwò ẹrú tó gbilẹ̀ jù lọ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ogun Òwu, ìtúká Ọ̀yọ́ Ilé àti àwọn ogun tó tẹ̀lé wọn kó ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ́pọ̀ yanturu. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n mú wá sí etí ọ̀sà, tí àwọn oníṣòwò Pọtogí àti ti Bràsíl rà. Àjàyí Crowther, tí wọ́n mú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, Èkó ni wọ́n ti kó o sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí ní ọdún 1822 kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ lójú òkun. Òwò yìí ni Kòsọ́kọ́ bá nílẹ̀, òun ni ó sì tẹ̀ síwájú nínú rẹ̀. Nínú owó rẹ̀ ni ó ti ra ìbọn, àgbá àti ẹ̀tù.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú fún àwọn ará ilẹ̀ wọn láti ọdún 1807, àwọn ọkọ̀ ogun wọn sì ń ṣọ́ etíkun. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ láti pa òwò ẹrú rẹ́ nìkan kọ́ ló gbé wọn dé Èkó. Wọ́n fẹ́ epo pupa, wọ́n sì fẹ́ ọ̀nà tó já gaara láti etíkun dé Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn oníwàásù ti tẹ̀dó. Akíntóyè, tó ti kúrò ní Abẹ́òkúta lọ sí Àgbádárìgì, rí àyè yìí, ó sì lò ó. Ó ṣèlérí fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé bí wọ́n bá lè dá òun padà sórí ìtẹ́, òun yóò fòpin sí òwò ẹrú, bẹ́ẹ̀ sì ni òun pàápàá ti jọba ní Èkó fún ọdún mẹ́rin láìfòpin sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1851, ó bá John Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, lọ sí erékùṣù Fernando Po. Ní ọdún yìí kan náà, Crowther lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó rí Ọbabìnrin Victoria àti Palmerston, ó sì gba ẹnu àwọn ará Abẹ́òkúta sọ̀rọ̀. Ọmọ tí wọ́n tà ní Èkó ti padà di ẹlẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ Èkó.

Ètò Ààbò Kòsọ́kọ́

Kòsọ́kọ́ kò sùn. Ohun àkọ́kọ́ tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ni ẹnu òkun fúnra rẹ̀. Yanrìn tí ìgbì ń wọ́ jọ sí ẹnu ọ̀nà ọ̀sà kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé. Àwọn ọkọ̀ tí ara wọn fúyẹ́ nìkan ló lè kọjá. Èyí já sí pé àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní àgbá púpọ̀ jù lọ yóò dúró sí òkun, wọn yóò máa wo Èkó lókèèrè.

Lẹ́yìn èyí ni ètò tí ọwọ́ ènìyàn ṣe. Wọ́n ri òpó igi mọ́lẹ̀ nínú omi lẹ́bàá èbúté kí ọkọ̀ má baà lè sún mọ́ ilẹ̀. Wọ́n mọ odi sí etí omi, wọ́n sì gbẹ́ yàrà sẹ́yìn rẹ̀ kí àwọn oníbọn lè fi ara pamọ́ síbẹ̀. Wọ́n to àgbá sí àwọn ibi tí ọkọ̀ kò lè ṣàì gbà kọjá. Àwọn ọkọ̀ ogun tí a ń fi àjẹ̀ tù sì wà ní sẹpẹ́, èyí tó lè yára wọ inú omi tí kò jìn, níbi tí ọkọ̀ òyìnbó kò lè tẹ̀ lé e dé. Òṣòdì Tápà ni aṣáájú àwọn jagunjagun. Ọmọ Tápà ni, tó wọ agbo ilé Ọ̀ṣìnlókun ní kékeré gẹ́gẹ́ bí ẹrú, tó sì fi ìgboyà àti òtítọ́ dé ipò ọ̀gágun.

Ogun Àgídìngbì

Ní oṣù Bélú, ọdún 1851, Beecroft wá bá Kòsọ́kọ́ láti fọwọ́ sí àdéhùn. Kòsọ́kọ́ kọ̀. Àlàyé rẹ̀ ni pé abẹ́ Ọba Ìbíní ni Èkó wà, àti pé òun kò lè dá irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣe. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ wọ inú ọ̀sà pẹ̀lú àsíá funfun, ṣùgbọ́n àwọn ará Èkó kò ka àsíá náà sí, wọ́n yìnbọn. Àwọn ọmọ ogun tó sọ̀ kalẹ̀ dáná sun àwọn ilé kan, ṣùgbọ́n ìbọn tó ń jáde láti inú yàrà àti láti àárín ilé pọ̀ ju ohun tí wọ́n lè fara dà lọ. Wọ́n padà sínú ọkọ̀, wọ́n sì lọ. Ọjọ́ náà jẹ́ ti Kòsọ́kọ́.

Oṣù kan kò tíì pé tí wọ́n fi padà wá pẹ̀lú agbára tó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀pẹ, ọkọ̀ Bloodhound àti Teazer, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ onínáa ooru wa, wọ ọ̀sà pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré lẹ́yìn wọn. Omi Èkó jà fún àwọn onílé lọ́jọ́ náà, nítorí pé ọkọ̀ méjèèjì ló gúnlẹ̀ sórí yanrìn níwájú àgbá Kòsọ́kọ́. Lára àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó kú lé ní mẹ́wàá, àwọn tó sì fara gbọgbẹ́ lé ní àádọ́rin. Ní ọjọ́ kejì ni nǹkan yí padà. Ọkọ̀ tó há ti bọ́, ọta oníná sì bọ́ sí ibi tí ẹ̀tù wà ní ìlú. Iná sọ, afẹ́fẹ́ gbé e láti òrùlé dé òrùlé, apá kan Èkó sì jóná. Kí ilẹ̀ ọjọ́ 28 tó mọ́, Kòsọ́kọ́ ti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó sì ti gba orí ọ̀sà lọ sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Ogun Ahóyaya tàbí Ogun Àgídìngbì ni àwọn ará Èkó pe ogun náà, nítorí bí àgbá ṣe ń hó tó sì ń dún. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá Akíntóyè padà sórí ìtẹ́, ní ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1852, ó sì fọwọ́ sí àdéhùn tí Kòsọ́kọ́ kọ̀.

Ìtàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ní irú èyí nínú, nítorí orí erékùṣù ni àwọn náà ń gbé. Ní ọdún 1066, Ọba Harold ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó ọkọ̀ àti ọmọ ogun jọ sí etíkun ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn láti dènà William, olórí ilẹ̀ Normandy. Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀, oúnjẹ tán, àwọn ọkọ̀ sì túká. Nígbà náà gan-an ni Tostig, àbúrò Harold tí wọ́n ti lé nílùú, mú ọba Norway wá gbógun ti ìhà àríwá. Harold sáré lọ síbẹ̀, ó sì ṣẹ́gun wọn, àbúrò rẹ̀ sì kú sójú ogun náà. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni William sọ̀ kalẹ̀ sí etíkun ìhà gúúsù láìsí ẹni tó dá a lọ́nà lórí omi. Ní oṣù Ọ̀wàrà, Harold kú ní ogun Hastings. Ọmọ ìyá tí wọ́n lé jáde tó lọ gba ọwọ́ ogun wá láti òkèèrè kì í ṣe ọ̀rọ̀ Èkó nìkan.

Ẹ̀pẹ́

Ọ̀pọ̀ ọba tí wọ́n lé lórí oyè ni ìtàn wọn parí síbẹ̀. Ti Kòsọ́kọ́ kò parí. Awùjalẹ̀ Ìjẹ̀bú gbà á láyè láti tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, etí ọ̀sà kan náà tó lọ sí Èkó. Àwọn tó bá a lọ, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí, sọ Ẹ̀pẹ́ di èbúté ńlá. Títí di òní, Èkó Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ ni a fi ń pe ìhà méjèèjì ìlú náà. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ ogun Kòsọ́kọ́ ń halẹ̀ mọ́ òwò Èkó. Ní oṣù Ògún, ọdún 1853, ó kọlu Èkó lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni kò jẹ́ kí ó gba ìlú náà. Akíntóyè wàjà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó tẹ̀ lé e, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ sì jọba.

Ẹni tí ogun kò lè ṣí nípò, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi bá a parí rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Ọwẹ́wẹ̀, ọdún 1854, Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, bá Kòsọ́kọ́ ṣe Àdéhùn Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ gbà láti má ṣe gbógun ti Èkó mọ́, kí ó sì fi òwò ẹrú sílẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà pé òun ló ni èbúté Palma àti Lẹ́kí, wọ́n sì fi owó ọdọọdún kan tì í. Àwọn tó lé e kúrò lórí ìtẹ́ wá jókòó tì í gẹ́gẹ́ bí olórí ìlú. Ẹni tó ti ń ta ènìyàn náà wá ń jẹ nínú òwò epo pupa.

Ìpadàbọ̀ àti Ikú Rẹ̀

Ní ọjọ́ 6 oṣù Ògún, ọdún 1861, lábẹ́ ojú àgbá ọkọ̀ ogun Prometheus, Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìtẹ́ tí àwọn ọmọ Ológun Kútere ti fi ogójì ọdún jà sí kò ní agbára mọ́. Ní ọdún 1862, wọ́n gba Kòsọ́kọ́ láyè láti padà sílé. Ó fi Palma àti Lẹ́kí sílẹ̀ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1863, wọ́n sì ń san £400 fún un lọ́dọọdún. Eréko ni ó ń gbé, níbi tí ó ti kọ́kọ́ jẹ oyè Ọlọ́jà. Òṣòdì Tápà àti àwọn ará Ẹ̀pẹ́ tẹ̀dó sí àdúgbò tí a mọ̀ sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Òṣòdì kú ní ọdún 1868. Kòsọ́kọ́ tẹ̀ lé e ní ọdún 1872, wọ́n sì sin ín sí Ìga Eréko. Ọmọ tí wọ́n ní kò sí ọkọ́ tí a ó fi sin rí ibojì ní ìlú bàbá rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Kòsọ́kọ́ mọ omi, ó mọ ogun, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kí ọkùnrin fi ìdà sílẹ̀ kí ó gba àdéhùn. Àbùkù kò ṣàì sí lára rẹ̀. Ẹ̀mí àwọn ẹni tí wọ́n tà wà nínú ẹ̀tù tí ó fi gbèjà ìlú rẹ̀, ìkanra rẹ̀ sì mú kí ìjà ọ̀rọ̀ obìnrin di ogun ìlú. Síbẹ̀, àwọn tó wá lé e kò wá nítorí Ọlọ́run nìkan, nítorí pé ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn náà ni wọ́n gba ìlú náà lọ́wọ́ ọmọ ẹni tí wọ́n wá gbè. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Òpó igi àti yàrà Kòsọ́kọ́ dá Gẹ̀ẹ́sì padà lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n kò sí òpó tí a lè rì sínú omi láti dí ibi tí ìjà ilé ti là.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó jìnnà sí òkun pẹ̀lú. Láti etíkun ni iyọ̀, ìbọn àti ẹ̀tù ti ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìbàdàn àti oko wọn. Láti Èkó tí Gẹ̀ẹ́sì gbà yìí ni wọ́n ti na ọkọ̀ ojú irin wọ inú ilẹ̀. Ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Nígbà tó fi máa di ọdún 1907, ó ti gba Lálúpọn kọjá dé Òṣogbo. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń gbé lẹ́bàá ojú irin ní Lálúpọn lè máà tíì fojú kan ọ̀sà rí, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gba iwájú ilé bàbá rẹ̀ kọjá bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu omi tí Kòsọ́kọ́ gbìyànjú láti tì. Ó yẹ kí olùkọ́ rẹ̀ lè sọ fún un bí ẹnu ọ̀nà náà ṣe ṣí, àti ẹni tó wà nínú ilé nígbà tó ṣí.